Ta ló ṣe bèbí kékeré tí kò ní imú yìí, ṣé káfíńtà sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Onípákó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù sì ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àwọn ọmọ mi ra àpò ohun ìṣeré òkìrìkà kan bọ̀ láti ọjà, a sì rí bèbí rọ́bà kan nínú rẹ̀ tí kò ga ju ìka mi lọ. Orí rẹ̀ rí róbótó, ojú rẹ̀ jẹ́ àmì dúdú méjì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò ní imú, kò sì ní etí. Nígbà tí mo yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, mo rí ọdún 1974 pẹ̀lú orúkọ kan tí wọ́n kọ ní geobra. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò gbé e sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni bèbí ńlá onírun gígùn tí mo fi owó gidi rà fún un nígbà Kérésìmesì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ta ló ronú kan nǹkan yìí, iṣẹ́ wo ni onítọ̀hún kọ́, ṣé ẹni tó mọ pákó bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n sì lè fi ohun ìṣeré ọmọdé jẹun? Mo máa ń fi àjákù pákó gbẹ́ mọ́tò kéékèèké fún àwọn ọmọ mi, àwọn aládùúgbò sì ti ń rà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ torí èyí pa iṣẹ́ tó ń bọ́ mi tì.

ÌyáÌbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá onípákó. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, nítorí pé ìtòsí ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ni mo ń gbé, ilé-iṣẹ́ tó ṣe bèbí yẹn kò sì jìnnà sí wa. Playmobil ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Geobra tí ẹ rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgékúrú orúkọ Georg Brandstätter, ọ̀kan nínú ìdílé tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún 1974 sì ni ọdún tí bèbí náà kọ́kọ́ jáde. Wọn kì í yí ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ padà, nítorí náà èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà.

Hans Beck ló ronú kàn án, káfíńtà bí i tiyín sì ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1929 ní ìlú Greiz, ó kọ́ iṣẹ́ àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ṣíṣe, ó sì máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ìṣeré fún àwọn àbúrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ yín. Ó tún fẹ́ràn láti máa kan ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké. Ní ọdún 1958 ni ó wọ ilé-iṣẹ́ Brandstätter ní ìlú Zirndorf, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1998. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí bèbí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní bílíọ̀nù méjì.

Ní ọdún 1971, Horst Brandstätter tó jẹ́ ọ̀gá wọn gbé iṣẹ́ ohun ìṣeré tuntun lé e lọ́wọ́, ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta tó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ó fún mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nìyí. Kò jókòó ti oge tí àgbàlagbà máa fẹ́ràn, àwòrán tí àwọn ọmọdé fúnra wọn ń yà ló lọ wò. Bí ọmọ kékeré bá ya èèyàn, orí á tóbi, ojú á jẹ́ méjì, ẹnu á máa rẹ́rìn-ín, kò sì ní rántí imú rárá. Ohun tó wà lójú bèbí yín nìyẹn. Ó ṣe é ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 7.5, kí ó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kí ó sì fara sin síbẹ̀. Nígbà tí ó ṣe àwọn àkọ́kọ́, ó kó wọn lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́ láìsọ ohun tí wọ́n jẹ́, ó sì ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló ń hun ìtàn tí wọ́n fi bá bèbí náà ṣeré.

Bí bèbí bá ń bínú, ìbínú nìkan ni ọmọ lè fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ kékeré yẹn lè di ti ọlọ́pàá, ti aláìsàn, ti ìyàwó tuntun, èyí tó bá wu ọmọ lọ́kàn. Beck kò fẹ́ ohun ẹ̀rù, kò sì fẹ́ ohun tó kàn lòde fún oṣù mẹ́ta péré kó sì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìbejì mi fi tiwọn ṣeré fún ọdún mẹ́jọ.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ rọ́bà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ irin, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ kún un. Kí rọ́bà tó di bèbí, wọ́n ní láti gbẹ́ inú irin líle ní àwòkọ́ bèbí náà ní ìhà méjì tó ń pàdé, kí wọ́n tó máa fi agbára ẹ̀rọ ti rọ́bà yíyọ́ sínú rẹ̀. Irin yẹn ló ń gba owó, kì í ṣe rọ́bà. Mo rántí oníbàárà kan tó ní kí a gé irin mọ́tò ìṣeré kan fún òun kí ó tó fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han ọmọ kankan; ọjà náà kò tà, irin náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa títí di òní, òun la fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń yin ọgbọ́n Hans Beck. Ara kan náà ló lò fún gbogbo bèbí rẹ̀. Orí ń yí, apá ń gbéra, ẹsẹ̀ méjèèjì sì so pọ̀ tí wọ́n ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà; irun, fìlà, àwọ̀ aṣọ àti ohun tó wà lọ́wọ́ ló ń sọ ẹni tí bèbí náà jẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde jẹ́ jagunjagun ayé àtijọ́ tó ń wọ aṣọ irin, àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1976 ni wọ́n tó ṣe obìnrin, èyí tí mo rò pé ó pẹ́ jù, ọdún 1982 ni ọwọ́ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Lóòótọ́, ọ̀gá wọn kò kọ́kọ́ kánjú sí iṣẹ́ náà. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ló tì í: inú epo ni rọ́bà ti ń wá, owó rẹ̀ sì gbéra, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ńláńlá kò lè rówó dá a mọ́. Bèbí kékeré tó ń jẹ rọ́bà díẹ̀, tí èèyàn sì lè máa ra òmíràn kún un, wá di ohun tó lè gbà wọ́n là. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní ìpàtẹ ohun ìṣeré ìlú Nuremberg ní 1974, àwọn oníṣòwò kò kọ́kọ́ kà á sí, àfi ìgbà tí alágbàtà ńlá kan láti ilẹ̀ Họ́láǹdì rà á rẹpẹtẹ.

Onípákó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará mi. Kò yé mi kan: ṣé Beck ló wá ni ilé-iṣẹ́ náà níkẹyìn?

Bàbá Àgbà Ìwé

Rárá o. Òṣìṣẹ́ ni Beck, òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń pilẹ̀ ohun tuntun, ìdílé Brandstätter ló sì ni ilé-iṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀nà mìíràn tún wà, ẹ wo Lonnie Johnson, ọmọ adúláwọ̀ láti ìlú Mobile ní Alabama, tó jẹ́ ẹnjiníà. Ní ọdún 1982 ó ń dán ẹ̀rọ ìtutù tó ń lo omi wò nílé, omi tú jáde láti ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó sì rí i pé ó lè di ìbọn omi tí àwọn ọmọdé á máa fi ṣeré. Ó fi páìpù àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún 1986, ó sì di ọdún 1990 kí ó tó dé orí àtẹ, lẹ́yìn tí ó ti rí ilé-iṣẹ́ Larami tó gbà láti ṣe é. Super Soaker ni wọ́n ń pè é láti ọdún 1991.

Ọdún mẹ́jọ nìyẹn, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́ ẹnjiníà ní gbogbo ìgbà náà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Beck ti ṣe ọdún mẹ́tàlá lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yẹn lé e lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì

Mo gbà bẹ́ẹ̀, bàbá, àmọ́ kí ọ̀gá má dúró pé àfi tí òun bá ní irin. Pákó náà ń tà níbí dáadáa. Kí ẹ ṣáà fi sáńpépà fá etí rẹ̀ kó dán, kí ẹ wo ọ̀dà tí ẹ ń lò nítorí ọmọ á fi í sẹ́nu, kí táyà mọ́tò náà má sì jẹ́ èyí tí ọmọ kékeré lè tú gbé mì.

Onípákó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lálẹ́ àná mo jókòó ti ọmọ mi láìsọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe sọ pé Beck ṣe. Ó gbé bèbí náà ka orí mọ́tò tí mo gbẹ́, ó yọ̀ ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé bí mo ṣe gbẹ́ ẹ, orí rẹ̀ dọ́gba pẹrẹsẹ. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ mú agolo sàdíìnì tó ti ṣófo wá láti ìdí ààrò, ó tẹ ẹsẹ̀ bèbí náà jókòó sínú rẹ̀, ó sì ń fà á kiri yàrá títí ó fi sùn. Mo gba bèbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọn ìdí rẹ̀ àti gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo gbẹ́ ihò sínú mọ́tò tuntun kan, igi àfàrà ni mo fi ṣe é, n kò sì tíì kun ún. Bó bá ti ilé-ìwé dé ní aago méjì, n óò gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo yẹn, n kò sì ní sọ nǹkan kan.