Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ohun tí ojú mi rí láti Kúrà dé Mile 12

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń já kọ̀ntéínà ní Àpápá kọ nípa bí ẹrù yín ṣe ń pẹ́ ní èbúté, mo sì bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹrù tiyín lè sùn sí èbúté kó sì jí. Tòmátì ni èmi ń tà ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Tí mọ́tò bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ọjà ti lọ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí Èkó ń jẹ ti ń wá, pàápàá láti Kúrà àti Kadáwá ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń fi omi ìdídò Tìga bomi rin oko. Àgbẹ̀ á ká a, alágbàtà á dì í, wọ́n á tò ó sórí tírélà, ó di Kàdúná, ó di Mọ́kwà, Jẹ́bà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, kó tó wọ Èkó. Ìrìn náà tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Kò sí ẹ̀rọ amóhuntutù kankan nínú ọkọ̀ náà, tapólì lásán ni wọ́n fi ń bò ó.

Inú apẹ̀rẹ̀ ló sì ń bá wa. Wọ́n á rọ tòmátì kún apẹ̀rẹ̀ dẹ́nu, wọ́n á tún to òmíràn jọ gegele sórí rẹ̀, wọ́n á wá gbé apẹ̀rẹ̀ mìíràn lé e. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń ru gbogbo àwọn tó kù láti Kánò. Tá a bá ń já ẹrù ní ìdájí, ẹ ó rí omi pupa tó ń kán tótó lábẹ́ tírélà. Owó wa ló ń kán yẹn. Ojú apẹ̀rẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ọbẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. A ó jókòó ṣà á: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó rọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀ṣà, ìyẹn èyí tó ti fọ́, lọ́tọ̀, tí àwọn olóúnjẹ á wá rà lówó pọ́ọ́kú. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ pé ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tòmátì wa tó ń ṣòfò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rí kò ní jiyàn.

Wàhálà òwò yìí kò lóǹkà. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko run débi pé ìjọba Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì. Lọ́dún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá ní àwọn ò kó nǹkan kan wá sí Gúúsù mọ́. Mọ́tò dúró sí Jẹ́bà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún 2022, epo dísù tí kò tó 300 náírà ní lítà kan nígbà tọ́dún bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 700 kí oṣù keje tó parí, owó ọkọ̀ sì gbéra, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún 2025, omi ya wọ Mọ́kwà, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti oṣù kejì 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó tuntun kò sì sí nílẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni tòmátì pọ̀ lóko. Owó wà ní àkáǹtì mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń ká a, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà sọ́wọ́. Alábàárù bẹ́ẹ̀, dẹrẹ́bà náà bẹ́ẹ̀. Alhaji tó ń dì í fún mi ní Kúrà pè mí: "Màmá, tòmátì ti pọ́n tán, owó tí màá fi ká a ni kò sí." Ó fi fọ́tò oko ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó pupa rẹ́rẹ́ láti ìkángun dé ìkángun, kò sì sí ẹni kan nínú rẹ̀. Ní Èkó níbí, àwọn èèyàn ń wá ata tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Alhaji sọ fún mi pé lẹ́yìn ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko ṣí àkáǹtì lórí fóònù, ìyẹn sì ń ràn wá lọ́wọ́ títí dòní.

Ohun tuntun tó wá yí ọjà mi padà ni kéréètì onírọ́bà. Ó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹsẹ̀ ọ̀kan máa ń jókòó sí etí èkejì, tòmátì kì í sì í ru ẹrù ara wọn. Nígbà tí ẹrù àkọ́kọ́ tá a kó sínú rẹ̀ dé, a ò rí omi pupa lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ColdHubs, iléeṣẹ́ tí Nnaemeka Ikegwuonu dá sílẹ̀ ní Òwerrì, ní yàrá tútù tó ń lo iná oòrùn, ẹ ó sì máa sanwó lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Inú kéréètì ni ẹrù ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń lo apẹ̀rẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Kí ló dé tí gbogbo ọjà kò tíì gbà á? Iye apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀, kéréètì ò sì gba tó apẹ̀rẹ̀, nítorí náà oníbàárà rò pé a rẹ́ òun jẹ. Òṣùwọ̀n la wá gbé síwájú wọn, ariwo sì rọlẹ̀. Èyí tó le jù ni ti kéréètì òfìfo. Tírélà tó ń padà sí Kánò ń wá ẹrù tó lówó lórí, kò fẹ́ gbé òfìfo. Bẹ́ẹ̀ tí kéréètì kò bá padà, Alhaji kò ní nǹkan tó máa dì sí, ó di apẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Àwa mélòó kan ní ìlà wa ti kun tiwa lọ́dà, a bá dẹrẹ́bà kan ṣàdéhùn, à ń san owó òfìfo fún un kó tó gbéra, Alhaji á kà á tó bá débẹ̀, á sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó ń lọ dáadáa, àmọ́ a ò tíì rí ojútùú sí èyí tó bá fọ́ lójú ọ̀nà. Dẹrẹ́bà ní Alhaji ló dì í jù, Alhaji ní dẹrẹ́bà ló sáré jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tẹ́ ẹ ti ń gba owó ìgò àti kéréètì sílẹ̀ tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́: tó bá fọ́ lọ́nà, ta ló ń san án lọ́dọ̀ yín?