Ẹ̀rọ ń máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ ń méfò: kí ni ṣíṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà ló sì ń máàkì iṣẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ wọ́n kàn ń méfò ni: bí wọ́n bá fẹ́ kà dé 10, tí range(1, 10), àṣẹ tó ń to nọ́ńbà láti 1 lọ, sì dúró sí 9, wọn á sọ 10 di 11, láìmọ̀ pé range kì í ka nọ́ńbà ìparí mọ́ ọn. Mo ní ìgbà 5 péré ni kí wọ́n máa fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò lára ara wọn. Python Tutor, ìkànnì tó ń fi ìyípadà hàn ní ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan, ló dára jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n ta ní ń ṣí i láìsí máàkì? Ṣé kí n ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí kóòdù máa gbé jáde kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.