Wọ́n ní kóòṣì wa fẹ́ lọ: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ọlámidé, Memphis (Sátidé, 22 Oṣù Kọkànlá 2025)
Ẹ kú ìkálẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi wà ní Ole Miss, yunifásítì Mississippi, ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní Oxford. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Lane Kiffin, kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wa níbẹ̀, fẹ́ lọ sí yunifásítì LSU tàbí Florida, ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́. Mẹ́wàá la ti jẹ nínú mọ́kànlá, Georgia nìkan ló nà wá! Wọ́n ní àwọn ẹbí ọkùnrin náà ti wọ bàálù lọ wo Gainesville níbi tí Florida wà, wọ́n tún lọ wo Baton Rouge ti LSU. Ọ̀gá eré ìdárayá yunifásítì ní ká mú sùúrù di ọjọ́ kejì Egg Bowl, eré àwa àti Mississippi State, pé a máa gbọ́ ibi tó já sí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí n lè mọ ohun tí màá bá ọmọ yìí sọ.

Bàbá Ẹlẹ́ran, Houston
Ó máa lọ.

Ìyá Ọlámidé
Bàbá Ẹlẹ́ran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já mi láyà.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ẹ má bínú, ìyá wa. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tí kò fẹ́ kó kì í ní kí ẹbí òun lọ wo ilé.

Ẹ̀gbọ́n Knoxville
Ọkùnrin yìí kan náà ló ṣe tiwa. Mò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Tennessee nígbà náà, kò tíì pé ọdún méjì tí mo ti Ìlọrin dé. Sáà kan ṣoṣo ni Kiffin lò lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ 12 Oṣù Kìíní 2010, a ṣàdédé gbọ́ pé USC, yunifásítì kan ní California, ti mú un lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ àhesọ fún odindi oṣù kan, ẹ tiẹ̀ ráyè múra sílẹ̀, wàrà-wàrà ni tiwa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta nínú otútù, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síta, wọ́n sun ún. Èéfín fóòmù tó ń jó, ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí kò ní gbàgbé, ó máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun bíi rọ́bà. Mo pe bàbá mi nílé, wọ́n ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, wọ́n ní ṣé ìbò ni wọ́n dì níbẹ̀ ni. Mo ní rárá o, kóòṣì bọ́ọ̀lù ló lọ. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn."

Àǹtí Ṣadé, Atlanta
"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn" 😂 bàbá gidi.

Nọ́ọ̀sì Norman
Tèmi kò tíì jinná, ọdún mẹ́rin rèé. Ọjọ́ Sátidé, 27 Oṣù Kọkànlá 2021, Oklahoma State na àwa Oklahoma ní Stillwater, 37 sí 33. Gbogbo ayé ló ti ń sọ pé LSU ń fẹ́ Lincoln Riley, kóòṣì wa. Wọ́n bi í lẹ́yìn eré, ó sì dáhùn gbangba pé òun kọ́ ni yóò jẹ́ kóòṣì LSU. Ẹ̀yin ará, mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n nà wá, ṣùgbọ́n mo sùn.

Lọ́jọ́ kejì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wà nídìí iná, mò ń dín dòdò. Fóònù ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́ mọ́. Riley ti lọ sí USC. Kì í ṣe LSU, USC! Dòdò jó di èédú nínú epo, n kò rántí yí i. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, kò sunkún. Ó wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tí a fi ń pa bọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ àwòrán ọkùnrin náà kúrò lára ògiri. Gọ́ọ̀mù la fi lẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ ṣí, ọ̀dà ògiri bá a ṣí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó, n kò lè sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ojú ibẹ̀ ṣì funfun títí di òní, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Dọ́kítà Dallas
Ẹ pẹ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kò purọ́. Ó ní òun kò lọ sí LSU, kò sì lọ sí LSU.

Nọ́ọ̀sì Norman
Dọ́kítà, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá mi lóhùn báyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Knoxville
Èyí mà wá burú ju irọ́ lọ. Ó dà bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bi pé ṣé ó ń fẹ́ Ṣadé, tó fi irin búra pé òun kò fẹ́ Ṣadé. Àṣé Bọ́lá ló ń fẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ẹ ti pa mí o 😂😂

Àǹtí Ṣadé
Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí o!

Ẹ̀gbọ́n Knoxville
Ẹ má bínú, Àǹtí. Ká sọ pé Ṣèyí.

Ọmọ Tuscaloosa
Tó bá jẹ́ ti ìbúra ni, Nick Saban ni bàbá wọn. Oṣù Kejìlá 2006, ó jẹ́ kóòṣì Miami Dolphins, ó ní òun kọ́ ni òun máa jẹ́ kóòṣì Alabama. Ní 3 Oṣù Kìíní 2007, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà ló gbà fún wa. Àwa ò lè bá a bínú láé.

Nọ́ọ̀sì Norman
Ẹ ò lè bínú, ẹ̀yin lẹ gbé ìyàwó. Ẹ lọ bi àwọn ará Miami.

Bàbá Auburn
Ìyá Ọlámidé, àwọn ará Oxford ti rí irú èyí kí wọ́n tó bí ọmọ yín. Tommy Tuberville ni kóòṣì níbẹ̀ ní 1998, ó ní inú pósí ni wọn yóò ti gbé òun jáde ní Ole Miss. Kò pẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Auburn. A gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní 2003, ó kan òun náà: àwọn ọ̀gá yunifásítì wa wọ bàálù lọ bá kóòṣì Louisville sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ó ku ọjọ́ méjì péré ká bá Alabama gbá. Àṣírí tú, ojú tì wọ́n, Tuberville dúró. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mẹ́tàlá la gbá, mẹ́tàlá la jẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ bàálù. Àwọn ọmọ mi ti fi ohun tí wọ́n fi ń tọpa rẹ̀ sórí fóònù mi. Bí bàálù aládàáni kan bá ti gbéra ní ìlú wa ní Oṣù Kọkànlá, màá ti mọ ibi tó ń lọ.

Táíwò, South Bend
Bàbá Auburn, ọkọ mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Láago méjì òru, ẹni tó yẹ kó sùn, ó ń wo bàálù.

Orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ ló mú mi fẹ́ràn Notre Dame. Mo rí OGUNDEJI lórí tẹlifíṣọ̀n, mo pariwo. Adetokunbo Ogundeji, ọ̀kan nínú àwọn balógun ẹgbẹ́ ní 2020. Lọ́dún kejì ni Brian Kelly, kóòṣì wa, fi wá sílẹ̀ lọ sí LSU. Mọ́kànlá la jẹ nínú méjìlá, ọ̀nà playoff, ìdíje tó ń gbé ẹgbẹ́ dé àṣekágbá, kò tíì dí pátápátá, ó lọ. Aago méje àárọ̀ ló pe àwọn ọmọ náà, ìpàdé kò tó nǹkan, ó ti jáde. Ọjọ́ yẹn dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Marcus Freeman tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gbé wa dé eré àṣekágbá ní Oṣù Kìíní ọdún yìí, nígbà tí LSU ti lé Kelly dànù ní Oṣù Kẹwàá. Ìyá Ọlámidé, ẹ sọ èyí fún ọmọ yín.

Dọ́kítà Dallas
N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o, mo kàn ń bi yín. Ta ni nínú wa tí kò fi ibì kan sílẹ̀? Mo fi ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ nílé, wọ́n jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin. Mo tún fi òmíràn sílẹ̀ níbí nítorí owó. Ẹni tó bá jápa ní ọmọ, ó ní ẹrù. Kí ló dé tó jẹ́ kóòṣì nìkan ni kò gbọdọ̀ lọ?

Nọ́ọ̀sì Norman
Ǹjẹ́ ẹ wọ ilé aláìsàn kan, ẹ jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ẹ jẹun wọn, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ máa tọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin? Bí àwọn kóòṣì ṣe ń kó ọmọ rèé. Bàbá àti ìyá ni wọ́n ń bẹ̀. Ọmọ wa kan, Adepoju Adebawore, wà ní Oklahoma báyìí. Tí mo bá rí i, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń rò.

Dọ́kítà Dallas
Àwọn ọmọ náà ti ń lọ báyìí pẹ̀lú portal, ètò tí agbábọ́ọ̀lù fi ń pààrọ̀ yunifásítì. Caleb Williams, agbábọ́ọ̀lù yín, tẹ̀lé Riley, ó gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ní USC.

Nọ́ọ̀sì Norman
Ẹ tún fi iyọ̀ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Jackson
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Deion Sanders, nítorí èmi ò lè bú u. Jackson State ló ti jẹ́ kóòṣì, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2022, omi dá ní ìlú wa. Mo ru omi inú ike gun àtẹ̀gùn, ara mi kò jẹ́ kí n gbàgbé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò rí omi lò. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Eré 27 ló jẹ, 6 péré ló pàdánù. Àhesọ pé yunifásítì Colorado ń fẹ́ ẹ gba ìlú. Ní 3 Oṣù Kejìlá a na Southern, a gba ife, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ náà pé òun ń lọ. Mo sunkún nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lójú wọn, kì í ṣe bàálù ló sọ fún wa.

Àǹtí Ṣadé
Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Knoxville
Ó ṣì kó Travis Hunter, agbábọ́ọ̀lù yín, lọ o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Jackson
Ó kó o lọ. Mo ní mo sunkún.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ìyá Ọlámidé, ká fi kóòṣì sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ wá sí Oxford. Ṣé mo lè dáná àsun nínú Grove, ọgbà tí ẹ ti ń pàgọ́ lọ́jọ́ eré?

Ìyá Ọlámidé
Rárá o, wọn kì í jẹ́ ká dáná níbẹ̀, abẹ́ igi ni gbogbo àgọ́ wọ̀nyẹn wà. Ẹ sè é nílé, ẹ rọ ọ́ sínú kúlà.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Àsun inú kúlà? Ìyẹn ti di ẹran sísè.

Táíwò, South Bend
Bàbá, èmi ń ṣe é. Ẹ má da ata sí i títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, ẹ gbé àlùbọ́sà àti ata lọ́tọ̀. Yóò gbóná, yóò sì gbẹ.

Bàbá Ẹlẹ́ran
Ọ̀rọ̀ yìí burú ju ti Riley lọ 😂

Ìyá Ọlámidé (Sunday, 30 Oṣù Kọkànlá)
Ó ti lọ. LSU.

Ọjọ́ Jímọ̀ la na Mississippi State, 38 sí 19, mọ́kànlá nínú méjìlá. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ní ká dúró dè kọjá, wọn ò sọ nǹkan kan. Òní ló bọ́ síta. Ọlámidé wà lára àwọn tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kékeré tó wà ní Oxford. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hó lórí fóònù. Mo ní, "Ọlámidé, ṣé ìwọ náà ń bú u?" Ó ní, "Mọ́mì, mo kàn dì mọ́ wáyà ọgbà ni." Ó ní ọwọ́ òun ti kú sórí wáyà yẹn nítorí otútù. Bàálù gbéra, ó dúró síbẹ̀ títí kò fi rí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì Norman
Ìyá Ọlámidé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ṣé ó ti jẹun?

Ìyá Ọlámidé
Ó ní òun ti jẹ búrẹ́dì.

Dọ́kítà Dallas
Wọ́n ní ó fẹ́ dúró gbá playoff kó tó lọ, yunifásítì kọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Knoxville
Rárá! Ẹni tó ti di ẹrù kò lè máa pàṣẹ nínú ilé. LSU ni yóò máa kó ọmọ fún láti inú ọ́fíìsì Ole Miss.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Jackson
Dọ́kítà, àwa gbìyànjú rẹ̀ wò. Deion dúró, ó darí wa ní Celebration Bowl, eré àṣekágbá àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú, lẹ́yìn tó ti gba Colorado. North Carolina Central nà wá, 41 sí 34. N kò sọ pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ara gbogbo wa kò sí níbẹ̀ mọ́.

Dọ́kítà Dallas
Mo gbọ́. Ẹ̀yin lẹ rí i, èmi ò rí i.

Bàbá Auburn
Pete Golding ni wọ́n fún ní iṣẹ́ kóòṣì náà. Èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ fún un láyè.

Ìyá Ọlámidé (2 Oṣù Kìíní 2026)
Ẹ̀YIN ARÁ MI! A jẹ nínú playoff, 39 sí 34! Georgia yẹn gan-an, tó nà wá ní Oṣù Kẹwàá! Ọlámidé wà ní New Orleans, kò lè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni, lẹ́tà ńlá-ńlá.

Táíwò, South Bend
Ẹ kú oríire! Mo ní ẹ sọ fún un!

Bàbá Ẹlẹ́ran
Èmi tí mo ní "ó máa lọ", mi ò ní "ẹ ó jẹ Georgia". Ẹ kú oríire, ìyá wa. Àsun ń bọ̀, n ó gbé ata lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Norman
Inú mi dùn dé egungun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ nà wá ní Norman níjọ́sí. Mo fi fídíò New Orleans han ọmọkùnrin mi, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó wò ó tán, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọ̀dà ògiri yàrá mi ṣì wà nínú gáráàjì?" A ti ń wá a láti àárọ̀. Kò tíì sí ẹni tó rí i.

Àǹtí Ṣadé
Ẹ wo ẹ̀yìn fìríìsà.