Nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún ọkọ, ta ni ìkà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú ojúmọ́ o. Àríyànjiyàn ìgbéyàwó àti ẹ̀tọ́ ọkùnrin-obìnrin tí a ti ń fà láti ìjẹta ti fẹ́ máa sú mi. Ohun tó yẹ ni gbogbo wa ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí bàbá mi kú ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí bàbá mi kó ìwé àti bírò dé. Wọ́n ka àga, wọ́n ka fáànù, wọ́n ṣí fírísà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Màmá mi jókòó sórí ẹní nínú aṣọ dúdú, ó ń wò wọ́n. Ẹni tó wá fi àgádágodo tuntun ti ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń ta aṣọ ni àbúrò bàbá mi, ẹni tí àwa ọmọ fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Òun náà ló padà san owó ilé-ìwé mi títí mo fi jáde. Ó ń sunkún bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe ẹkún ojú ayé. Ó ní, "Ìyàwó wa, má bínú, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dúdú ni ìkà. Ṣé inú ọkùnrin yìí dúdú? Bí kò bá dúdú, ọwọ́ ta ni ìkà tó bá màmá mi ti wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn.

Bàbá Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, òdìkejì ìtàn rẹ ni mo wà. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lópó.

Lọ́dún 1979 ni, ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Nílé tiwa, pákò la fi ń ṣe é. Ọkùnrin tó bá fẹ́ opó á fi pákò ránṣẹ́ sí i. Bó bá gbà á, ó ti gbà nìyẹn. Bó bá dá a padà, kò fẹ́. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Ìyá mi ló gé pákò, tó ní kí n fọwọ́ kàn án, tó sì gbé e lọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí mo bá pákò náà lẹ́nu ọ̀nà mi. Obìnrin náà ti fi omi fọ̀ ọ́, ó fi ewé wé e. Títí dòní n kò mọ ìdí tó fi fọ̀ ọ́. Ara mi fúyẹ́, n kò ní purọ́.

Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Wọn ò kàn gbé iṣu lọ fún un láti oko mọ́. Lójú tiwọn, pákò yẹn ni ọ̀nà tí iṣu ń gbà dé ọ̀dọ̀ opó, òun ló sì dí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ kù sọ́dọ̀ wa.

Àwọn tó bá ń pe opó ṣíṣú ní ìkà, mo gbọ́ wọn. Àwọn tó dá a sílẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ní àwọn ń wá fún obìnrin, mo gbọ́ àwọn náà. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gbọ́n mi ni iṣu yẹn ti wá. Mo jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún náà. Tíṣà tó ń gba owó oṣù ni mí, n kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i.

Lọ́yà Kékeré

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bọ́ mi, ẹ jẹ́ n tú u díẹ̀.

Nínú àṣà tiwa, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹjọ́ Ukeje ní 2014 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi fòpin sí àṣà Ìgbò tó ń yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ló wà níta. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ ní ìyàwó kò lè jogún ọkọ rẹ̀ nílànà Yorùbá, nítorí òun alára dà bí ẹrù tí ẹbí ọkọ lè jogún. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1997, ẹjọ́ Akinnubi tún gba ibẹ̀ lọ. (Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin mìíràn ló bo tirẹ̀. Ẹ máa rántí.)

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí kì í sì í ṣe ẹ̀rín, ni ìdí-igi, ìyẹn pínpín ogún ní iye ìyàwó. Bàbá kan kú l'Ékòó, ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọn yóò pín in sí, tí í ṣe orí-ò-jorí, àbí ọ̀nà mẹ́rin? Ẹjọ́ Dawodu nìyẹn, ó dé iwájú àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó parí ní 1962. Ọ̀nà mẹ́rin, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan. Ẹ wò ó: ìyàwó ni wọ́n fi ń ka ogún, kò sì sí kọ́bọ̀ tó kàn án níbẹ̀.

Ìrírí tèmi rèé. Ìyá kan gbé agolo mílíìkì wá sí ọ́fíìsì mi. Rìsíìtì ló kún inú rẹ̀: ti búlọ́ọ̀kù, ti yanrìn, ti páànù, etí wọn ti pọ́n. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí gbogbo wọn.

Mo ní, "Màmá, ta ló san owó yìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí orúkọ yín ò sí níbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní, "Kí n máa fi orúkọ ara mi kọ́lé, lójú ọkọ mi?"

Ìyàwó Peckham

Tèmi ò gùn. Lọ́jọ́ ìdána wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá mi dá owó orí padà. Alága ìjókòó gba máìkì, ó kígbe pé a kì í ta ọmọ nílé yìí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Lọ́dún kẹfà, mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ọsibítù, ọkọ mi ní kí n wá rokà. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ó ní, "Ṣebí mo san owó orí ẹ." Mo ní, "Ṣebí wọ́n dá a padà fún ẹ." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Mo kọ́kọ́ san án ná."

A ṣì wà pa pọ̀ o. Òun ló ń rokà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àkọ́bí Ìyálé

Ẹ má sọ ọ́ di pé ẹbí ọkọ nìkan ló ń ṣe é. Ìyàwó kejì bàbá wa ti kó ìwé ilẹ̀ méjèèjì lọ kí wọ́n tó gbé òkú wá láti mọ́ṣúárì. Ó ní òun ń dáàbò bo àwọn ọmọ òun. Ṣé àwa kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà ni?

Tíṣà Abẹ́òkúta

Fìlọ́sọ́fì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo máa ń sọ fún wọn nípa John Stuart Mill, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1851, nígbà tó fẹ́ fẹ́ Harriet Taylor, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fara mọ́ agbára tí òfin fẹ́ gbé lé òun lọ́wọ́ lórí obìnrin náà, pé òun ò ní lò ó láé. Nígbà yẹn, ohun ìní obìnrin Gẹ̀ẹ́sì di ti ọkọ ní kété tó bá ti wọlé ọkọ, ó sì di 1882 kí òfin tó já a gbà. Bẹ́ẹ̀ nígbà kan náà, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ń ṣòwò n'Íbàdàn, orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é. (Ó ní ẹrú rẹpẹtẹ pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di mímọ́.)

Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọmọkùnrin yin Mill. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ní, "Sà, ẹni tó ní òun ò ní lo pàṣán, ṣé ó sọ pàṣán nù?" N kò tíì rí èsì fún un.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Hannah Arendt, obìnrin onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, lọ jókòó ní kóòtù Jerúsálẹ́mù ní 1961, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ Eichmann, òṣìṣẹ́ ìjọba Hitler tó ṣètò bí wọ́n ṣe kó àwọn Júù lọ pa. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà ò jọ ẹhànnà, akọ̀wé ló jọ, ẹni tí kì í ro ohun tó ń ṣe. Èmi ò fi àbúrò bàbá yín wé apààyàn o. Ṣùgbọ́n àlàyé Arendt ò lè bo tiyín, nítorí ẹkún yẹn. Ẹni tó ń sunkún ti ro ó. Ó mọ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ ṣé o. Bàbá Ọ̀yọ́, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò bàbá mi yẹn kú lọ́dún tó kọjá. Màmá mi ti lé ní 70, orúnkún ń dà á láàmú, síbẹ̀ òun ló lọ bá ìyàwó olóògbé jókòó sórí ẹní. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí kó ìwé dé. Ẹni tó di bírò mú ni àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ tí màmá mi gbé sórí itan lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka ẹrù tiwa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ti bẹ ìyàwó olóògbé kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ka àga, ó ka fáànù. Nígbà tó dé ìdí fírísà, màmá mi ní, "Ṣí i wò, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó ṣí i.