Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé yìnyín máa wà lókè lọ́sẹ̀ ìsinmi àwọn ọmọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsinmi àárín sáà àwọn ọmọ, a sì ti sanwó ilé tí a máa dé sí ní Scotland, kí wọ́n lè rí yìnyín gidi. Áàpù orí fóònù mi ń fi òjò hàn lójoojúmọ́, 4°C. Ti ọkọ mi ní yìnyín ni. Onílé ní òun ò ní dá kọ́bọ̀ padà. Àbúrò ọkọ mi tó tì wá sí i ò gbé fóònù mọ́ láti ìjẹta, ìyàwó ẹ̀ sì ń sọ kiri pé àṣejù ni mò ń ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, ìbọ̀wọ́, mo ti ra gbogbo ẹ̀. Ṣé ká lọ ni àbí ká jókòó sílé?

Bọ̀dá Dundee: Òkè wo nínú àwọn ibi ski, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó gígùn yọ̀ lórí yìnyín? Glenshee, Lecht, Cairngorm, Glencoe, Nevis Range, ojú ọjọ́ wọn kì í dọ́gba.

Màmá Bọ́lá: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ fẹ́ràn ìnáwó. Ẹ kó wọn lọ sílé lọ kí ìyá àgbà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Denver ní Colorado, lÁmẹ́ríkà, ni mo wà. Níbí, tí yìnyín bá ti bo orí òkè, ó di ìgbà tí oṣù kẹrin bá wọlé. Mo rántí ìgbà tí a há sójú ọ̀nà I-70 láti ọ̀sán di òru, ìyàwó mi wà nínú oyún. Kí wọ́n fọkàn balẹ̀, oṣù kejì ni, yìnyín á wà.

Bọ̀dá Dundee: Ọmọ Ẹ̀gbá, Colorado jìnnà sókun. Atẹ́gùn orí òkun Atlantic ló ń darí tiwa. Tó bá gbé ooru wọlé, òjò á rọ̀ dé téńté òkè, yìnyín tó kó jọ lọ́sẹ̀ kan lè yọ́ láàárín ọjọ́ méjì, kó tún wá dì lọ́jọ́ kẹta. Má fọkàn wọn balẹ̀ láti Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mi ò bá yín jà o, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.

Ìyá Ìbejì: Màmá, ilé la ti ṣe Kérésì. Aviemore ni ilé tí a gbà wà. Aviemore náà ni mo tẹ̀ sínú áàpù, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò wò ó dáadáa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀gbọ́n, nǹkan bíi 220 mítà ni Aviemore fi ga ju òkun lọ. Páàkì tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ibi ski Cairngorm, nítòsí Aviemore, lé ní 600, téńté òkè náà jẹ́ 1,245. Bí èèyàn bá gun 1,000 mítà, nǹkan bíi 6 tàbí 7°C ló máa já kúrò nínú ooru. 4°C nílẹ̀ lè di -2 lókè. Òjò yín àti yìnyín ọkọ yín lè jọ jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ka àsọtẹ́lẹ̀ orí òkè ti Met Office, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti UK, tàbí ti MWIS, àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ orí òkè, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ freezing level sí, ìyẹn ibi gíga tí ooru ti ń já sí 0°C. Tó bá ga ju téńté lọ, òjò ló máa wà lókè.

Bọ̀dá Dundee: Kí wọ́n wo atẹ́gùn ṣáájú. Ní March 20, 1986, wọ́n wọn atẹ́gùn 173 máìlì ní wákàtí kan lórí Cairn Gorm yẹn. Mo kó àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Glenshee rí, yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọgbà, lift (ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè) kankan ò ṣiṣẹ́ nítorí atẹ́gùn.

Màmá Bọ́lá: Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ lift ò kàn wá. Tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́rin ti wọ́n jù. Ọkọ mi ní a máa gbé mọ́tò sí páàkì, ká fẹsẹ̀ gùn ún dé téńté, ká yà fọ́tò, ká sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gun Olúmọ àti Ìdànrè. Àwọn ọmọ náà ti pé ọdún méje.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Háà! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí yìnyín bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kùrukùru lè sọ ilẹ̀ àti ọ̀run di funfun kan náà, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀gbun ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn máa ń kó yìnyín jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò kọjú sí i, ibẹ̀ ló ti ń ya lulẹ̀. Láàárín ìgbà òtútù, SAIS, àwọn tó ń ṣọ́ yìnyín tó ń ya lulẹ̀ ní Scotland, máa ń gbé ìwọ̀n ewu yẹn jáde ní ìrọ̀lẹ́, láti 1 dé 5. Àwọn tó ń gùn ún ń wọ irin ẹlẹ́nu ṣónṣó sábẹ́ bàtà, wọ́n ń mú àáké yìnyín dání. Àwọn tí òtútù mú lórí òkè ń dé wọ́ọ̀dù wa, òmíràn kì í lè pe orúkọ ara ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀rù lẹ fi ń bà mí. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn la rà. Ọkọ mi kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn àǹtí. Yìnyín tó ń ya lulẹ̀ ń pa àgbàlagbà tó mọ òkè dunjú níbí. Ẹ má kó ọmọ lọ.

Bọ̀dá Dundee: Ẹ lọ o, àmọ́ ẹ má kúrò nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ lè fi sled, ohun tí wọ́n ń jókòó lé lórí yìnyín, yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́ kékeré. Tí yìnyín ò bá sí, ẹ lọ sí igbó Glenmore, etí adágún Loch Morlich. Reindeer (irú àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù) wà níbẹ̀, ọdún 1952 ni wọ́n ti kó wọn wá. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wo ohun tí ibi ski bá kéde, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì: Mo ti gbé fóònù fún un kó kà á fúnra ẹ̀. Kò tíì gbà tán. Ó ń béèrè bóyá wọ́n ń háyà sled ní Aviemore.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Wọ́n ń háyà ẹ̀, àmọ́ ẹ ra méjì bọ̀. Ó máa ń tán lásìkò ìsinmi.