Ojú ọmọdé tí mo ń kùn di ojú àgbàlagbà

Olùbéèrè, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán, nípa ṣíṣe àdàkọ iṣẹ́ àwọn ògbóǹtarìgì. Èyí tí mo dáwọ́ lé báyìí ni àwòrán Manuel Osorio, ọmọkùnrin aláṣọ pupa tí Goya ará Sípéènì yà láàárín 1787 sí 1788, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Aṣọ náà kò dà mí láàmú, àwọn ológbò tó ń ṣọ́ ẹyẹ náà sì ṣeé wò. Ojú ọmọ ni kò gbà fún mi. Ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ti di arúgbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá mi wò ó lánàá, wọ́n ní ta ni bàbá kúkúrú yìí. Bí mo ṣe ń tún un kùn ló ń burú sí i. Níbo ni mo ti ṣì í?

Akunwòrán, Òndó

Àbúrò, fi rúlà wọn orí rẹ̀ ná. Bí a bá wọn orí àgbàlagbà láti àtàrí dé àgbọ̀n, agbedeméjì ni ẹyinjú máa ń wà; ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí iwájú orí rẹ̀ tóbi, ẹyinjú rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju agbedeméjì lọ, tí imú àti ẹnu wá fún mọ́ra nísàlẹ̀. Irun tó bo iwájú orí Manuel náà a sì máa tanni jẹ. Pín àwòrán tí o tẹ̀ jáde sí ojú onígun mẹ́rin, kí o pín kánfáàsì rẹ sí iye kan náà, kí o wá máa gbé e lójú kọ̀ọ̀kan.

Ó jọ pé o tún ń fa ìlà. Kò sí ìlà lójú ọmọdé. Òjìji fẹ́lẹ́ ló wà níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pàdé imú. Bí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀dà dúdú fà á, o ti fi ogójì ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra etí òjìji náà nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, kí ó yọ́ wọ ara ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Aládùúgbò Ọjà Ọba

Kí ló dé tí ẹ kò ya ọmọ àdúgbò yín, tó jẹ́ ti òyìnbó lẹ ń dà kọ?

Akunwòrán, Òndó

Ọmọ àdúgbò kì í jókòó jẹ́ẹ́. Aina Onabolu, àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an, nígbà tó wà nílé ìwé, àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń dà kọ, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London ní 1920.

Ọmọṣẹ́ ọ̀dà

“Bí mo ṣe ń tún un kùn” yẹn ló kọ mí lóminú. Ọ̀dà yìí kì í gbẹ bí omi. Afẹ́fẹ́ ni òróró inú rẹ̀ ń gbà sára tó fi ń dì. Nítorí náà, ẹ fi tọ́pẹntáìnì la ipele àkọ́kọ́, kí òróró linseed, òróró irúgbìn tí a fi ń po ọ̀dà, máa pọ̀ sí i bí ẹ ti ń gòkè, torí bí ìsàlẹ̀ bá lóròóró ju òkè lọ, òkè á kọ́kọ́ gbẹ, á sì sán. Burnt umber, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, tètè ń gbẹ, òun ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ ojú kánfáàsì sí ògiri nítorí eruku. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká àkísà olóròóró linseed jọ sí igun ilé: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Olùbéèrè, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wọ̀n ọ́n: ẹyinjú fi ìbú ìka kan ga jù. Ṣé kí n kùn ún bò ni?

Akunwòrán, Òndó

Rárá. Bí ó bá ṣì tutù, fi ọ̀bẹ ọ̀dà há a kúrò, kí o fi àkísà nù ún dé ìsàlẹ̀. Àmì fẹ́lẹ́ tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀ òmíràn.