Mítà mi wà lẹ́yìn géètì aládùúgbò mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà

Aránṣọ Ìtirẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni a ń gbé ní Ìtirẹ̀, ní Súrùlérè. Ìdílé márùn-ún ni wá, mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀. Ara ògiri kan náà ni mítà gbogbo wa wà, ní pàsééjì ìsàlẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kó dé, gbayawu ni pàsééjì yẹn wà. Ẹni tó bá ra iná á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ nọ́ńbà oní-ogún tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i sí ojú mítà, á padà sókè.

Nígbà tó yá, Bàbá Ìbejì tó ń gbé nísàlẹ̀ fi géètì onírin dí ẹnu pàsééjì náà. Ó ní torí olè ni. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, torí wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbé lóòótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn géètì, sítóòfù dé síbẹ̀. Lẹ́yìn sítóòfù, sílíńdà gáàsì dé. Ó gbé tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ tẹ̀ lé e, pàsééjì sì di kíṣìnì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan péré ló wà fún géètì yẹn, òun ló sì ń mú un rìn. Bí ó bá jáde, a ò rí mítà wa. Bí ó bá ti sùn, a ò rí i. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, gbogbo wa la máa jìyà rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Aṣọ ni mò ń rán, inú ilé ni mo sì ti ń rán an. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì ni aṣọ ẹbí máa ń há wa mọ́, torí Sátidé lòde. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, léèsì wà lórí mẹ́ṣìnnì, yuníìtì mi tán. Mo rà á lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà ogún náà wọlé, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti ti géètì. Mo kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, mo pe fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ó ní Dádì ti sùn, kí n mú sùúrù di àárọ̀. Iná wà ní gbogbo àdúgbò. Mo ti sanwó iná tèmi, inú òkùnkùn ni mo sì wà. Ọmọ oníṣẹ́ mi ń di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú fún mi títí ojú fi ń ro mí.

Ẹ rántí November 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo oní-mítà káàdì tẹ nọ́ńbà méjì, oní-ogún-ogún, kí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà tó kọjá, pé mítà tí kò bá rí wọn kò ní gba káàdì tuntun mọ́. Nọ́ńbà tèmi tètè dé ọwọ́ mi. Ẹni tó máa ṣí géètì ni mi ò rí, ó ti lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Mo ti bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó jù mí lọ dáadáa ni, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ fẹ́ sọ ẹnu ọ̀nà mi di ojú títì." Mo lọ bá Bàbá onílé, wọ́n ní ká lọ parí ẹ̀ láàárín ara wa.

Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ti mítà onímítà mọ́lé báyìí? Ṣé mo lè ní kí ilé-iṣẹ́ iná gbé tèmi lọ sókè? Ayálégbé kan nínú wa ní ká kúkú mú wáyàmáànù wá lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbejì ò bá sí nílé, kí ó já géètì, kó gbé mítà kúrò. Mo ní rárá. Mi ò fẹ́ bá wọn jà, a jọ ń pọn omi ni, àwọn ọmọ wọn sì ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi.

Oníná Mùṣín

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ti rí irú èyí láìmọye ilé.

Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní rárá. Sílì, èdìdì tí ilé-iṣẹ́ iná fi dí i, wà lára mítà, ilé-iṣẹ́ iná nìkan ló láṣẹ láti ṣí i tàbí láti gbé mítà láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá bá sílì jíjá, ẹni tí mítà wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa mú lọ́ràn bàìpáàsì, ìyẹn jíjí iná láìgba inú mítà. Wáyàmáànù ti lọ nígbà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé e, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn, ẹ jẹ́ kí onílé fọwọ́ sí i. Wọ́n lè gba owó, wọ́n sì lè fi ìgbà díẹ̀ falẹ̀.

Ẹ lọ wo nǹkan kan fún mi. Ṣé ara mítà fúnra rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ wà, àbí wọ́n fún yín ní kinní kékeré kan lọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n wá gbé e kọ́? Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ pé orí ọ̀pó tàbí ògiri ìta ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé, inú yàrá oníbàárà ni bọ́tìnnì ń wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú wáyà iná náà ni àwọn méjèèjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gba iná lára mítà yín gan-an lẹ gbọ́dọ̀ kì í bọ̀. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lo jẹnẹrétọ̀, kò ní gbọ́ yín. Bátìrì ló ń mú un ṣiṣẹ́ bí yuníìtì bá tán. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti ń bára wọn jà láti ọdún dé ọdún lórí kọ́kọ́rọ́, tí kinní yìí wà nínú dúrọ́ọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rí.

Sílíńdà yẹn ló kó mi láyà sókè jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Wáyà tó ń ti ọ̀pó bọ̀, kọ́táòtù tí fíúsì wà nínú rẹ̀, mítà márùn-ún, gbogbo ẹ̀ wà lókè sítóòfù! Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Bí pàsééjì yẹn kò bá ní fèrèsé, ibẹ̀ ló máa dúró sí, iná kékeré tó bá ta lára bréékà sì tó láti mú un gbiná. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí géètì wà ní títì, ta ló máa pa iná ilé? Ibi tí ẹ sì máa gbà sá jáde náà ni àtẹ̀gùn wà. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé kí wọ́n mọ 767 tàbí 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Èkó, kì í jẹ owó. Bàbá Ìbejì náà ní ọmọ níbẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ láti ibẹ̀ yẹn.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù

Ẹ má bínú sí mi o. Ìsàlẹ̀ lèmi náà ń gbé, ní Bàrígà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá mi ni mítà ará ilé wà. Aago kan òru, ẹnìkan á dúró síbẹ̀, á máa tẹ pí, pí, pí, iná tọ́ọ̀ṣì á máa tàn sí wa lójú lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ṣì, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí á wọlé, wọ́n á ní ẹni tó wà lókè ló rán àwọn. Mo ní ọmọbìnrin méjì nílé. Ẹ̀yin tó wà lókè kì í mọ̀ ọ́n lára.

Síbẹ̀, ẹni tó ń sá fún olè nìkan á gé kọ́kọ́rọ́ fún ará ilé. Àǹtí, nǹkan mìíràn ló ń bí bàbá yẹn nínú. Mítà ta ni pọ́ńpù omi yín ń lò?

Aránṣọ Ìtirẹ̀

Háà, Mà, ẹ ti kan ibẹ̀.

Mítà rẹ̀ ni. Látijọ́, ìdílé mẹ́rin yòókù máa ń fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣooṣù. Nígbà tí owó iná fò sókè ní April 2024, tí wọ́n gbé àdúgbò wa sí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù tí owó wọn sì ga jù, ó ní ká fi kún un. Àwọn méjì nínú wa fárígá, wọn ò sì san kọ́bọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Èmi ń san tèmi, ẹnìkan lókè náà ń san. Láti ìgbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti di ọ̀kan ṣoṣo. Mi ò rò ó papọ̀ báyìí rí.

Ẹ̀gbọ́n Mùṣín, mo ti wò ó. Ojú mítà ni bọ́tìnnì wà, wọn ò fún wa ní nǹkan kan lọ́tọ̀.

Oníná Mùṣín

Á dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí pọ́ńpù yín bá jẹ́ ti agbára ẹṣin kan, wákàtí kan rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin yuníìtì. Ká ní wákàtí méjì lójúmọ́ lẹ ń tàn án, yuníìtì márùndínláàádọ́ta nìyẹn lóṣù. Nígbà tí yuníìtì wà ní nǹkan bí 68 náírà, owó rẹ̀ ò ju 3,060 lọ. Ẹ̀yin mẹ́rin ń kó 4,000 fún un, kò ní ìdí láti bínú. Nígbà tó di 225 náírà ní April 2024, ó di 10,125. Iye náà ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ ẹ wò ó: ẹ̀yin méjì péré ń kó 2,000 fún un, òun ló ń gbé èyí tó kù. Mi ò ní ó tọ́ kó fi mítà yín gba owó rẹ̀. Àmọ́ gbèsè yẹn wà lóòótọ́.

Mítà kékeré tó kàn ń ka iná wà, kò ní káàdì. Ẹ̀yìn mítà ńlá, lójú ọ̀nà pọ́ńpù, ni mo máa ń gbé e sí, kò kan sílì ẹnikẹ́ni. Ní ìparí oṣù, ẹ ka iye tó wà lójú rẹ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Ìjà á tán.

Bàbá Àdúgbò, Ṣómólú

Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti jókòó síbi ẹjọ́ mítà ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ọmọ mi, òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, abala kẹfà rẹ̀, sọ pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ibi tó jẹ́ ti gbogbo ará ilé, bí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ bá bófin mu. Òfin yẹn kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó dé Ìtirẹ̀. Pàsééjì tí mítà ìdílé márùn-ún wà, ti gbogbo yín ni, àyàfi bí onílé bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi yá Bàbá Ìbejì nìkan. Nítorí náà, Bàbá onílé kò lè sọ pé kò kan òun. Òun ló yá yín nílé, òun ló jẹ́ kí wọ́n gbé géètì. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ lọ sí Citizens Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń làjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1999, wọn kì í gba owó. Wọn á kọ ìwé pe ẹnì kejì, ẹ ó jókòó, wọn á gbọ́ tẹnu yín. Ẹ má gbé ọlọ́pàá wọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹ bá fi ọlọ́pàá mú lónìí, ẹ ṣì máa pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́la.

Aránṣọ Ìtirẹ̀

Ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá. Ẹ ṣé, gbogbo yín.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó dé dúró. A kọ ìwé náà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i, àní àwọn méjì tí kì í san owó pọ́ńpù náà. Bàbá onílé wá fúnra wọn lọ́jọ́ Sunday. Owó pọ́ńpù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ka ìṣirò Ẹ̀gbọ́n Mùṣín sókè. Bàbá Ìbejì dákẹ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ báyìí? Ẹ gbọ́?" Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. A fẹnu kò pé a máa ra mítà kékeré yẹn. Àwọn méjì tí kì í san owó pọ́ńpù máa san èyí tí wọ́n jẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ géètì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá alẹ́, a ò ní rán àlejò lọ síbi mítà, nítorí ohun tí Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù sọ.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà ni a ò tíì rí yanjú. Ó ní òun ò ní ibòmíràn tí òun ti lè dáná, ó sì ní láti ọjọ́ tí òun ti ń dáná níbẹ̀, nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀. Bàbá onílé ní àwọn máa ro ó. Mo sọ fún wọn pé èmi ò ní fi èyí sílẹ̀. Bí oṣù yìí bá parí tí sílíńdà yẹn ṣì wà lábẹ́ mítà wa, mò ń lọ sí ibi tí Bàbá Ṣómólú júwe, mo sì ti sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì lójú ara rẹ̀ kó má baà dà bíi pé mo yọ́ kẹ́lẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀gbọ́n Mùṣín, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè wá fi mítà pọ́ńpù sí i fún wa, ẹ bá mi fẹnu yín sọ ti gáàsì fún wọn. Ó lè gbọ́ tiyín.

Oníná Mùṣín

Mo ń bọ̀ ní Sátidé, Àǹtí. Ẹ ní kí wọ́n má tan pọ́ńpù títí n ó fi dé, kí ẹ sì bá mi wo ara rẹ̀ bóyá agbára ẹṣin kan ló kọ síbẹ̀ àbí kan ààbọ̀. N ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ sílíńdà. Bí ògiri ẹ̀yìn ilé bá wà, a lè gbé sílíńdà síta, ká lu ihò fún họ́ọ̀sì, kí sítóòfù náà kúrò lábẹ́ mítà lọ sí ìparí pàsééjì.